Ìbéèrè Ta Ni À Ń Dáhùn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Fẹ́lóṣíìpù Ìwádìí fún Àwọn Ọ̀dọ́ Onímọ̀ Ọrọ̀-Ajé

 

Láàrin ọdún 1951 sí 1952, àwọn olùwádìí kan ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń jókòó ti àwọn àgbẹ̀ oníkòkó. Wọ́n béèrè iye tí kòkó mú wọlé, iye tí wọ́n san fún lébìrà, gbèsè tí wọ́n jẹ àti ẹni tí wọ́n jẹ ẹ́, owó tó bá oúnjẹ lọ, èyí tó bá ìnáwó òkú lọ, àti èyí tí wọ́n fi rán ọmọ ní ilé-ìwé. Ìwé Nigerian Cocoa Farmers tó jáde ní 1956 ni èso iṣẹ́ náà. Orúkọ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: R. Galletti, K. D. S. Baldwin, àti I. O. Dina. Dina yìí, ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Nígbà tó di 1968, tí ìjọba àpapọ̀ ń wá ẹni tí yóò darí ìgbìmọ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa pín owó orílẹ̀-èdè, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Èmi gbà pé iṣẹ́ oko kòkó yẹn wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí a lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí.

Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí ni fẹ́lóṣíìpù ìwádìí, ìyẹn owó àti àyè tí wọ́n ń fún ọ̀dọ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé láti orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, kí ó lè gbájú mọ́ ìbéèrè kan títí yóò fi rí ìdí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ń san owó ilé-ìwé fún ẹni tó fẹ́ gboyè. Ẹni tó gba fẹ́lóṣíìpù ti gboyè, tàbí ó kù díẹ̀ kó gbà á. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ni wọ́n ń san owó fún. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn òbí a máa bi mí pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ mi ti ní másításì, kí ló tún ń wá kiri?" Ó ń wá àyè láti ronú. Ó ń wá owó tí yóò fi kó ìṣirò jọ. Ó sì ń wá àwọn tó gbọ́n jù ú lọ, tí wọn yóò lè sọ fún un lójúkojú pé ibí yìí nínú ọ̀rọ̀ rẹ kò tíì dúró.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí kòkó. Ní 1986, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ayé ń pè ní SAP. Náírà tí kò tíì tó méjì sí dọ́là kan já wálẹ̀ kọjá mẹ́rin kí oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn tó parí. Ọdún kan náà ni wọ́n tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká. Owó kòkó fò sókè, inú àgbẹ̀ dùn, ó sì yẹ kó dùn, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni bọ́ọ̀dù fi ń fún un ní ìdá kan lára ohun tí kòkó rẹ̀ ń pa lókè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin kòkó tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ náà di oníkòkó. Dọ́là ni wọ́n ń lé. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń rà, orúkọ rere tí kòkó Nàìjíríà ní lọ́jà àgbáyé sì bàjẹ́. Ta ni yóò máa yẹ kòkó wò nígbà tí bọ́ọ̀dù bá lọ? Ta ni yóò máa yá àgbẹ̀ lówó oògùn? Ó yẹ kí ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ìwé àwọn Dina sì rèé, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Jákèjádò Áfíríkà ní àwọn ọdún gbèsè yẹn, àwọn aṣojú Báńkì Àgbáyé àti àjọ IMF a dé pẹ̀lú ìṣirò tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó kọjú sí wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ìwádìí tiwọn tí wọ́n lè gbé kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ti àlejò, kí wọ́n wí pé ẹ wò ó, ohun tí àwa rí nìyí. Adebayo Adedeji, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó darí ECA, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ọrọ̀-ajé Áfíríkà, ní Addis Ababa láti 1975 títí di 1991, sa gbogbo ipá rẹ̀. Lábẹ́ ìdarí rẹ̀ ni ECA gbé ètò mìíràn jáde ní 1989 tí wọ́n fẹ́ kí Áfíríkà fi rọ́pò SAP. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gidigidi. Àmọ́ ọ́fíìsì kan ní Etiópíà kò lè bá gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ìwádìí wọn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nílò àwọn tirẹ̀, ó sì nílò wọn kí wàhálà tó kanlẹ̀kùn.

Àárín ìdààmú yẹn ni wọ́n ti dá African Economic Research Consortium sílẹ̀ ní Nairobi, ní 1988. AERC ni gbogbo wa ń pè é. Àjọ IDRC ti Kánádà ti kọ́kọ́ ń ran ẹgbẹ́ kékeré kan lọ́wọ́ ní apá ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà kí àwọn olówó mìíràn tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ wọn ló wú mi lórí jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Wọn kì í kó ọ̀dọ́ kúrò nílé. Olùkọ́ fásitì kan ní Ìbàdàn tàbí ní Dar es Salaam a kọ àbá ìwádìí ránṣẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé àbá náà lórí, wọn a pè é wá sí ìpàdé tó ń wáyé lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Ibẹ̀ ni yóò ti dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn àti àwọn àgbà onímọ̀ tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn. Wọn a tú àbá náà wò ní ìlà-ìlà. Bó bá yege, ó gba owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó padà sílé, ó ki iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó padà wá sọ ibi tó bá a dé, wọn a tún tú u wò. Bó bá parí, wọ́n ṣì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ àjọ. Ẹni tó bá ti la irú èyí kọjá, ẹnu rẹ̀ kì í wọlẹ̀ mọ́ níwájú àlejò. Bí aṣojú kan bá sọ fún un ní Abuja pé ìṣirò fi hàn pé báyìí ni nǹkan rí, yóò béèrè pé: ìṣirò wo, ti ọdún wo, ta ni wọ́n bi?

Ní 1993, AERC bẹ̀rẹ̀ ètò másításì àjùmọ̀ṣe; ní 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti oyè ọ̀mọ̀wé, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára àwọn fásitì tó ń fúnni ní oyè náà. Wọ́n ti rí i pé ó ṣòro kí fásitì kan ṣoṣo ní olùkọ́ tó dáńtọ́ fún gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́ ìpìlẹ̀ ní fásitì tirẹ̀, gbogbo wọn a wá pàdé ní Nairobi fún àwọn kọ́ọ̀sì tí kálukú yàn. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Tansaníà, ọmọ Gánà, gbogbo wọn a jókòó sábẹ́ olùkọ́ kan náà. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá ara wọn ṣe níbẹ̀ kì í tán nígbà tí wọ́n bá di ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ìjọba.

Wọ́n sì di ọ̀gá lóòótọ́. Benno Ndulu darí AERC kó tó di gómìnà báńkì àpapọ̀ Tansaníà láti 2008 sí 2018. Njuguna Ndung'u jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ Kẹ́ńyà láti 2007 sí 2015, ó darí AERC lẹ́yìn náà, ní 2022 wọ́n sì fi í ṣe mínísítà ìnáwó orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní tiwa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ademola Oyejide ti Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú ìwádìí lórí òwò àti ìṣọ̀kan ọrọ̀-ajé ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Ajakaiye tó ti ṣe ọ̀gá ní NISER, ilé ìwádìí ọrọ̀-ajé àti àwùjọ níbí ní Ìbàdàn, ló lọ darí ẹ̀ka ìwádìí AERC ní Nairobi. NISER fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná: 1950 ni wọ́n ti dá ìyá rẹ̀, WAISER, sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún ìwádìí ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àlejò ni iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa.

Irú fẹ́lóṣíìpù kejì ni èyí tí ọ̀dọ́ ti ń kúrò nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí UNU-WIDER, tó jẹ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wà ní Helsinki, ní Fínlándì. Ó ń gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n ti àwọn orílẹ̀-èdè náà wá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n ń sanwó ọkọ̀, wọ́n ń fún wọn ní owó oṣù, wọ́n sì ń yan olùwádìí àgbà kan tì wọ́n. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ilé. Báńkì Àgbáyé náà ní tirẹ̀ tí wọ́n fi sọrí Robert McNamara, ẹni tó ṣe ààrẹ báńkì náà láti 1968 sí 1981. Àjọ ìwádìí CODESRIA tó wà ní Dakar láti 1973 ń fún àwọn tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní owó kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé àwùjọ olùwádìí tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n ń fún lówó, irú èyí tí àjọ PEP ń ṣe láti Nairobi.

Èmi kò ní sọ pé kí ọ̀dọ́ má lọ. Ẹ ronú nípa olùkọ́ kékeré ní ọ̀kan nínú àwọn fásitì ìjọba wa. Ìwé ìdánwò ọgọ́rùn-ún mélòó kan ń dúró dè é. Iná lọ ní àárọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sí. Àwọn jọ́nà tó fẹ́ kà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ni wọ́n fi ń ṣí i. Ní 2020, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, gbà láti oṣù Kẹta dé oṣù Kejìlá. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni fásitì fi wà ní títì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá rí oṣù mẹ́ta tí kò sí ohun tí yóò ṣe ju kó kàwé, kó ṣírò, kó sì bá onímọ̀ bíi tirẹ̀ jiyàn, ìran rẹ̀ lè gbòòrò ju èyí tí ọdún mẹ́ta ilé fún un lọ. Mo ti rí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jẹ́ òmíràn. Bí ọ̀dọ́ bá mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará ọ̀nà jíjìn ni owó ti ń bọ̀, ó rọrùn kó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ka àbá ìwádìí, mo sì ti ka èyí tó pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ènìyàn lè yọ orúkọ Nàìjíríà kúrò, kó fi Bòlífíà sí i, tí kò ní sí gbólóhùn kan tó máa yí padà. Ohun tó gbayì lọ́dún yẹn nílẹ̀ òkèèrè ni gbogbo wọn ń kọ lé lórí. Irú àbá kejì ni èyí tí a mọ̀ dáadáa nílé: ipa ohun báyìí lórí ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé Nàìjíríà. Ipa epo rọ̀bì, ipa owó-orí, ipa gbèsè, gbogbo rẹ̀ a wá láti inú ìṣirò kan náà tí ìjọba tẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ a kó o sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà a fún un ní èsì, kò sì ní bá ènìyàn kan sọ̀rọ̀ títí yóò fi gboyè.

Ẹ wo ewu tó wà nínú ìyẹn. Ní oṣù Kẹrin 2014, ilé-iṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Yemi Kale, tún GDP Nàìjíríà, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, kà. Títí dé ọjọ́ yẹn, bí ọrọ̀-ajé ṣe rí ní 1990 ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun gbogbo. Wọ́n wá gbé e wá sí 2010. Lójijì, GDP ti 2013 fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bí wọ́n ti rò lọ, ó di nǹkan bí bílíọ̀nù 510 dọ́là, Nàìjíríà sì kọjá Gúúsù Áfíríkà. Kò sí ẹni tó ji owó kankan wá lóru. Fóònù alágbèéká tó dé ní 2001, sinimá wa, àti òwò tó ti gbilẹ̀ ni ìṣirò àtijọ́ kò kà bó ṣe yẹ. Gbogbo àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti fi ìṣirò àtijọ́ yẹn ṣe, yálà ní Nàìjíríà ni tàbí ní Washington, Nàìjíríà 1990 ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n rò pé ti òde òní ni. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé fẹ́lóṣíìpù tí kò bá ní owó fún kíkó ìṣirò jọ nínú rẹ̀, àbọ̀ fẹ́lóṣíìpù ni.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Síbẹ̀, àlejò mìíràn wà tó ríran, ẹ̀kọ́ sì wà nínú ìyẹn. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 pẹ̀lú owó ìwádìí tí wọ́n fún un láti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé ni nígbà yẹn. Ó kọ́ èdè wa, ó sì béèrè bí èsúsú ṣe ń ṣiṣẹ́: ta ló ń kó owó, ta ló kọ́kọ́ ń gbà, kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá gbà tán tí kò dá mọ́. Àpilẹ̀kọ tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1952, títí di òní ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó dídá ní ilẹ̀ wa ń tọ́ka sí i. Kò jí i. Ó béèrè ni, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é láti ìgbà láéláé, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú ti gbé e kọjá òkun débi pé susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sanwó fún ọ̀dọ́ Ifẹ̀ kan ní 1937 kó lè fi ọdún kan béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀.

Ìbéèrè kò sì tíì tán. Nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2023, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn nínú èsúsú oṣù méjìlá? Ó dá owó nígbà tí owó níye, ó gbà á nígbà tí kò ra ohun tó ń rà mọ́. Ṣé wọ́n yí ètò gbígbà padà? Ṣé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjà dá dípò owó? Ṣé wọ́n dín iye oṣù kù? Ọ̀rọ̀ owó tó ń pàdánù iye rẹ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo báńkì àpapọ̀ láyé ń dààmú lé lórí, ìdáhùn kan sì lè wà nínú ìwé kékeré tí alájọ ń kọ nǹkan sí ní ọjà Ọjẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá gbé irú ìbéèrè yìí lọ sí Helsinki, àwọn tó wà níbẹ̀ ni yóò máa kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé ó ṣeé ṣe láti lọ sókè òkun, kí ìbéèrè ilé má sì kúrò lọ́kàn ẹni. Ngozi Okonjo-Iweala gba fẹ́lóṣíìpù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé gboyè ní Amẹ́ríkà, AAUW, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní fásitì MIT. Ohun tó kọ̀wé lé lórí ní 1981 ni owó yíyá ní ìgbèríko àti ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti 2021 ni obìnrin náà ti ń darí Àjọ Òwò Àgbáyé.

Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ìdí mìíràn pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe to òfin rẹ̀ ń ti obìnrin sẹ́yìn láìjẹ́ pé wọ́n dárúkọ obìnrin. Wọ́n á ní ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ kọjá báyìí. Àwọn ọdún tí ọ̀dọ́kùnrin ń lò láti fi kọ àpilẹ̀kọ jáde ni obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lóyún, tó ń tọ́mọ. Wọ́n á ní oṣù mẹ́ta lókè òkun, láìsí àyè fún ọmọ ọwọ́. Ìyá ọlọ́mọ wo ni yóò fi ọmọ oṣù mẹ́fà sílẹ̀ ní Òṣogbo? Kí wọ́n ka ọdún láti ìgbà tí ènìyàn gboyè, kí wọ́n yọ ọdún ọmọ bíbí kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi owó olùtọ́jú ọmọ sínú ìnáwó. Kò ná wọn ní ohun tó pọ̀, àwọn tó lè mọ ohun tó ń lọ lọ́jà ni yóò sì jàǹfààní rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà náà wà níbẹ̀. Ìwé ìpè lè dé ní oṣù Kẹta, kí ilé-iṣẹ́ aṣojú fún ọmọ ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́yìn tí ìpàdé ti parí. Ẹni tó bá pe ọmọ wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò dúró tì í níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí àwọn ìjọba wa wò. Ní 1963, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ODI ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń rán àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé láti Bìrìtìkó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè gbogbo. Ìrònú náà gbọ́n: kí ọ̀dọ́ tó mọ ìṣirò jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, kó sì rí bí ìwé ṣe ń yàtọ̀ sí ayé. Kí ló dé tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì tàbí Oǹdó kò ní tiwọn? Ọ̀dọ́ tó ní másításì, ọdún méjì ní ẹ̀ka ètò ìsúná, pẹ̀lú àṣẹ láti ṣe ìwádìí kan, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí èsì rẹ̀ ò tilẹ̀ dùn mọ́ kọmíṣánnà nínú.

Owó ńkọ́? Owó wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè ní Nàìjíríà ń san owó-orí, láti ibẹ̀ ni àjọ TETFund ti ń rí owó tó ń ná. TETFund ń rán olùkọ́ lọ kàwé, ó sì ń gbé owó ìwádìí kalẹ̀ fún fásitì. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí a ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé, kí a sì máa fún wọn ní ìlànà AERC: owó tí kò pọ̀, ìbéèrè tó ṣe kedere, àti ìgbẹ́jọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Bí owó bá wá láti ilé, a kò ní máa bi ara wa pé ìbéèrè ta ni à ń dáhùn.

Ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Lọ́dún kan àti oṣù díẹ̀ yẹn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Abuja àti ní Kùtọnu nípa ìrẹsì, nípa epo bẹntiróòlù, nípa fàyàwọ́. Ìwọ̀nba ni ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa iye ọjà tó ń kọjá láàrin Kétu ní ẹ̀gbẹ́ Bẹ̀nẹ̀ àti Ìmẹ̀kọ ní ẹ̀gbẹ́ wa, nítorí pé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í gba iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Kétu àti ìyá tó ń rà á ní Ìmẹ̀kọ, èdè kan ni wọ́n ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló fa ìlà sí àárín wọn. Àwọn ọmọ wọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀-ajé kì í pàdé: ọ̀kan wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi, tó ń fi èdè Faransé kàwé, tó ṣeé ṣe kó gba ọ̀nà ètò ẹ̀kọ́ gíga NPTCI tó ní ibùjókòó ní Ouagadougou, èkejì wà ní Ìbàdàn, ojú rẹ̀ wà ní Nairobi.

Kí a mú méjèèjì. Fẹ́lóṣíìpù kan, ènìyàn méjì, ọdún méjì. Kí wọ́n máa ka ọjà tó ń kọjá ní ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ní ìgbà òjò àti ní ọ̀gbẹlẹ̀. Kí wọ́n bi ọlọ́kadà ní iye tó ń gbà, kí wọ́n bi oníṣòwò ní owó tó fi ń ra ọjà, bóyá náírà ni tàbí sẹ́fà, àti ìdí tó fi yan ọ̀kan nígbà tí náírà ń ṣubú. Kí wọ́n kọ àbọ̀ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, kí wọ́n sì padà lọ kà á ní Yorùbá fún àwọn tó fún wọn ní ìdáhùn. Wọn kò nílò físà. Àjọ ECOWAS tí Adedeji wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1975 ti yanjú ìyẹn fún wọn. Ohun tí wọ́n nílò ni alùpùpù kan, fóònù méjì tí wọn yóò fi máa kọ ìdáhùn sílẹ̀, owó oṣù tí kò ní pẹ́, àti olùkọ́ àgbà kan ní ẹ̀gbẹ́ ibodè kọ̀ọ̀kan.

Èmi ti gbà láti jẹ́ olùkọ́ àgbà ti ẹ̀gbẹ́ wa, láìgba kọ́bọ̀. Alága ìjókòó wa, mo bẹ̀ yín, kí ìgbìmọ̀ yín kọ̀wé sí ẹ̀ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní Abomey-Calavi kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yan olùkọ́ àgbà tiwọn, kí a sì jùmọ̀ gbé àbá ìnáwó náà lọ sọ́dọ̀ TETFund.